Mo fẹ́ gbé jíìpù àwọn sójà Bọ́ma lọ Telford ní November, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọSójà_Manchester

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ máa ń to táǹkì àti ọkọ̀ ogun kéékèèké. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹ mọ Scale ModelWorld, àfihàn ńlá tí IPMS (ẹgbẹ́ àwọn tó ń to mọ́dẹ́ẹ̀lì ike) ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣe ní Telford ní November, tí àwọn onímọ́dẹ́ẹ̀lì máa ń ti oríṣiríṣi ìlú ní Yúróòpù wá síbẹ̀ ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Mi ò débẹ̀ rí, fídíò ni mò ń wò, àmọ́ lọ́dún yìí mo fẹ́ lọ, mi ò dẹ̀ fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo.

Ohun tí mo tò ni jíìpù Willys ti Tamiya (ilé iṣẹ́ Japan tó ń ṣe kíìtì, ìyẹn àwọn ègé ike tá a máa ń tò pọ̀), 1/35, ìyẹn ìdá kan nínú 35 ti ọkọ̀ gidi, mo fa tírélà mọ́ ọn lẹ́yìn, mo wá ṣe sójà mẹ́rin tí wọ́n ń tì í jáde nínú ẹrọ̀fọ̀ àti alárù kan tó ru ẹrù sórí tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Orí West African Way ni wọ́n wà. Fún ẹni tí ò bá gbọ́ nípa ẹ̀ rí, 81st Division, ìyẹn àwọn sójà Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia tí wọ́n kó jọ ní Ìbàdàn ní 1943, àwọn ló fọwọ́ ara wọn la ọ̀nà jíìpù tó tó máìlì 75 gba orí òkè, láti Chiringa lápá Íńdíà ìgbà náà títí wọ àfonífojì odò Kaladan ní Bọ́ma, ní ìparí 1943 wọ 1944. Ibẹ̀ ò gba táǹkì, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn nínú igbó.

Wàyí o, ìbéèrè mi rèé. Gbogbo fídíò tí mo wò, táǹkì bíi Tiger, Panther, Sherman, T-34 ló kún orí tábìlì àwọn ará ọkọ̀ ogun, ojú gbogbo èèyàn dẹ̀ máa ń lọ síbẹ̀. Ṣé wọ́n á dúró wo jíìpù kan ṣoṣo àti èèyàn dúdú márùn-ún? Ṣé kí n fi sínú ìdíje ni àbí kí n wá ẹgbẹ́ kan tó máa fún mi láyè lórí tábìlì wọn? Bàbá tó bí ìyá mi wà nínú ogun yẹn, ó ti kú kí n tó lè bi í léèrè ọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n kàn wò ó kọjá lọ.

Alàgbà_Coventry

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń lọ Telford, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹ.

Gbọ̀ngàn ńlá ńlá tó wọnú ara wọn ni, Telford International Centre lorúkọ ibẹ̀. Tábìlì àwọn ẹgbẹ́ àti tàwọn tó ń tajà wà káàkiri, lẹ́yìn náà ni ibi ìdíje wá dá dúró lọ́tọ̀. Àárọ̀ Sátidé, má wulẹ̀ retí pé o máa rí nǹkan wò, torí ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́jà ni gbogbo ayé ń sáré lọ, báàgì ni wọ́n fi ń gbá ara wọn, kíìtì tó ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́, táyà rẹ́sìnì, ṣéènì onírin, ìwé, ọ̀dà, kò sóhun tí o ò ní rí. Tó bá di ọ̀sán wọ́n á ti rọlẹ̀ díẹ̀. Sọ́ńdè ni ọjọ́ tí mo fẹ́ràn jù, ọjọ́ yẹn lèèyàn máa ń ráyè bá àwọn tó tò ó gan-an sọ̀rọ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ yẹn dẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí ìgbà tí wọ́n ń rántí àwọn sójà tó kú sógun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, òdòdó pupa wà láyà ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí náà jíìpù ẹ bọ́ sí àsìkò tó dáa.

Ọ̀rọ̀ ìdíje, tèmi ni pé kí o gbé e sórí tábìlì ẹgbẹ́. Ìdí mi ni pé tó bá jẹ́ ìdíje, o máa gbé e kalẹ̀, o máa kọ fọ́ọ̀mù, o máa kúrò níbẹ̀, àwọn èèyàn á kàn máa kọjá, kò ní sí ẹni tó máa dáhùn tí wọ́n bá fẹ́ béèrè pé ta làwọn wọ̀nyí. Tó o bá jókòó sẹ́yìn tábìlì, ìbéèrè ò ní tán lẹ́nu wọn. Mo ti rí i lójú ara mi, ọ̀gbẹ́ni kan tó to lọ́rí kan tí wọ́n fi ń kó omi, kò sí ìbọn lára ẹ̀ rárá, àwọn èèyàn ò kúrò níwájú ẹ̀ torí pé ó mọ ìtàn ẹ̀ láti òkè délẹ̀ ó dẹ̀ ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá dúró. Ní Manchester tó o wà, wá ẹ̀ka IPMS tó sún mọ́ ẹ, tàbí kó o kọ̀wé sí SIG kan, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tó dìídì wà fún irú ọkọ̀ kan tàbí ogun kan. Wọ́n máa ń pín àyè tábìlì ṣáájú oṣù náà o, má jẹ́ kó di November kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Tó o bá fẹ́ wọ rélùwéè, bọ́ sílẹ̀ ní Wolverhampton kó o wọ èyí tó ń lọ Telford Central, wàá fẹsẹ̀ rìn gba orí afárá àwọn ẹlẹ́sẹ̀ débẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí máa ń kún kíákíá, àwọn míì ti ń gba ti ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Wolverhampton tàbí Shrewsbury lèmi máa ń sùn.

Tósìn_Maryland

Ẹ̀gbọ́n Coventry, ẹ má bínú, mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí ìdíje o. Irú ìdíje tó jẹ́ ló ṣe pàtàkì.

Níbí ní Amẹ́ríkà a ní AMPS, Armor Modeling and Preservation Society, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ nìkan ni tiwọn, kò sí bàálù kò sí ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe àpéjọ ńlá wọn ní Havre de Grace ní Maryland ńbí, ìtòsí Aberdeen níbi tí mùsíọ́mù táǹkì ológun Amẹ́ríkà wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó àwọn táǹkì náà lọ Virginia. Fara balẹ̀ kó o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń máàkì: wọn kì í fi mọ́dẹ́ẹ̀lì ẹ wé ti ẹlòmíì. Tìẹ nìkan ni wọ́n máa gbé wò, iye máàkì tó o bá gbà ló máa sọ bóyá góòlù ni o, sílífà ni, tàbí bíróǹsì. Tí mẹ́wàá bá tó góòlù nínú yàrá, mẹ́wàá ló máa gba góòlù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wà ní ìpele tiẹ̀, ọ̀gá wà ní ìpele ti ọ̀gá. Èyí tó wá dùn mọ́ mi nínú jù ni ìwé tí wọ́n ń fún ẹ padà, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí sínú ẹ̀.

Ìwé yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́. Nígbà tí mo gbé Sherman mi lọ, wọ́n kọ ọ́ pé táyà kan ò kan ṣéènì, pé ojú ibi tí mo ti lẹ ẹnu ìbọn pọ̀ ṣì hàn, pé àwọn àmì róbótó tí mọ́ọ̀dù fi sílẹ̀ wà nínú ilẹ̀kùn tí mo ṣí sílẹ̀, àti pé abẹ́ lébẹ́ẹ̀lì (àwòrán àmì tá a máa ń lẹ̀ mọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì) ń dán fàì torí atẹ́gùn wà lábẹ́ ẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń wo abẹ́ ọkọ̀! Kò sí ọ̀rẹ́ tó máa sọ gbogbo ìyẹn fún ẹ lórí fóònù, "ó fine" ni gbogbo wọn á máa wí.

Jíìpù dẹ̀ wọlé dáadáa, ọkọ̀ ológun tí kò ní ìhámọ́ra náà ní kíláàsì tiẹ̀, dáyórámà, ìyẹn ìran kékeré tó ní ilẹ̀ àti èèyàn bíi tìẹ, náà ní tiẹ̀. Nítorí náà má bẹ̀rù pé kò sí táǹkì ńbẹ̀.

SísíBrọ́ọ̀ṣì_Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti sọ̀rọ̀ táyà, ẹ ti sọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, kò tíì sẹ́ni tó béèrè ojú àwọn sójà yìí. Ọmọ Sójà, kí lo fi kun awọ ara wọn?

Mo béèrè torí pé ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe é ti wo èèyàn dúdú dáadáa rí. Ọ̀pọ̀ sójà dúdú tí mo ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, búráùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi kùn ún látòkè délẹ̀, wọ́n á wá po funfun mọ́ búráùn yẹn fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà, ojú á wá di eléérú bíi ti ẹni tó ń ṣàìsàn. Kò sí funfun lára wa. Awọ wa, tó bá dúdú dáadáa, ó máa ń dán, adúmáadán là ń pè é, ìmọ́lẹ̀ tó bà á máa ń ní pupa tàbí ìyeyè nínú.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé. Mo máa ń fi búráùn tó pọ́n díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, irú burnt umber tí mo po burnt sienna mọ́. Fún ibi òjìji, abẹ́ àgbọ̀n, ihò ojú, abẹ́ etí fìlà, mo máa ń fi búlúù dúdú kékeré kún un, mi ò kì í lo dúdú lásán. Fún ibi tó yọ sókè, iwájú orí, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, orí imú, ochre àti ọsàn díẹ̀díẹ̀ ni mò ń fi kún un, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àtẹ́lẹwọ́ gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ ju ẹ̀yìn ọwọ́ lọ, ètè ìsàlẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ẹyinjú, má fi funfun gidi sí i, fi àwọ̀ eyín erin. Tó bá gbẹ tán, fáníìṣì máàtì tí kò dán lo máa fi bo aṣọ, àmọ́ sátìnì tó ń dán díẹ̀ lo máa fi bo awọ, torí wọ́n ń ti ọkọ̀, òógùn wà lára wọn.

Àti pé má jẹ́ kí awọ àwọn márààrún bára dọ́gba o. Ọmọ Gambia, Haúsá, Yorùbá, Tiv, ẹnì kan dúdú bíi kóró iṣin, ẹnì kan pupa. Èèyàn wá látibi gbogbo nínú ẹgbẹ́ yẹn.

ỌmọSójà_Manchester

Àǹtí, ẹ ṣé gan-an ni. Búráùn kan ni mo fi kùn ún lóòótọ́ mo dẹ̀ ti ń wò ó pé nǹkan kan kù. Mà á tún gbogbo ojú ṣe. Orí tó wà nínú kíìtì náà, ti òyìnbó ni gbogbo ẹ̀, imú àti ètè ni mo fi epoxy putty (irú amọ̀ tí wọ́n ń pò tó máa ń le) mọ lọ́tọ̀, fìlà náà mo mọ ọ́, fìlà etí gbàgẹ̀dẹ̀ tí wọ́n dé ní Bọ́ma. Alárù yẹn, mi ò rí kíìtì ẹ̀ níbì kankan, wáyà ni mo fi ṣe egungun ẹ̀, mo fi putty bò ó.

Ará_Òkè_LDN

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ó máa ń dà mí láàmú tí mo bá rí àwa ọmọ Áfíríkà tá à ń fi ogun òyìnbó ṣeré. Ogun yẹn kì í ṣe tiwa. Wọ́n mú àwọn bàbá wa lọ ìlú tí wọn ò mọ̀, wọ́n gbé ẹrù lé wọn lórí nínú òjò, nígbà tí wọ́n padà dé kí ni wọ́n fún wọn? Ẹ wá fẹ́ gbé e lọ síwájú àwọn òyìnbó kí wọ́n máa yà á ní fọ́tò. Kí ló dé tí ẹ ò to ogun Kírìjì tàbí àwọn ẹṣọ́ Ìbàdàn?

ỌmọSójà_Manchester

Brọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mi ò lè sọ pé irọ́ ni. Àmọ́ ohun tó jẹ́ kí n to alárù yẹn gan-an lẹ sọ yẹn. Nínú gbogbo ibi tí mo ti rí ogun Bọ́ma lórí tábìlì mọ́dẹ́ẹ̀lì, òyìnbó àti Gurkha (àwọn sójà ará Nepal) àti ará Japan ni wọ́n ń tò. Ẹgbàágbèje ọmọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wà níbẹ̀, àwọn alárù tí wọn ò fún ní ìbọn pàápàá wà níbẹ̀, tí wọ́n ń fi orí ru ọta àti aláìsàn gòkè, a ò rí wọn. Tí ẹni tó wá wo Tiger bá dúró níwájú tèmi tó béèrè pé ta lẹni tó ru ẹrù yìí, mà á sọ fún un. Mà á sọ fún un pé wọn ò fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ nígbà tí wọ́n padà délé. Gbogbo ẹ̀ ni mà á sọ. Mi ò tò ó láti fi yin ẹnikẹ́ni tó rán wọn lọ.

Ogun Kírìjì dáa gan-an, tẹ́ni kan bá fẹ́ tò ó mà á bá a wá àwọn ìbọn ẹ̀.

Bàbá_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un fún ẹni tó ní ogun yẹn kì í ṣe tiwa, òótọ́ ni pé a ò pè é, àmọ́ ó wà láàárín ìlú wa lójoojúmọ́. Letmauk Barracks tó wà níbí ní Mọ́kọ́lá, ibì kan ni Letmauk ní Bọ́ma tí àwọn sójà wa ti jà ní 1945. Dodan ní Ọbáléǹdé, Bọ́ma ni. Myoung ní Yábàá, Myohaung ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún nígbà yẹn, ìlú tí 81st àti 82nd Division jọ gbà ní January 1945. Arakan ní Apápá náà, Bọ́ma ni. Èèyàn ń bá kọ̀ndọ́ já owó níwájú ibẹ̀, wọn ò mọ̀ pé orúkọ ibi tí bàbá àwọn kú sí ni.

Bọ́ma nìkan dẹ̀ kọ́. Marda Barracks ní Yábàá, orúkọ ọ̀nà àárín òkè kan ní Etiópíà ni, ibi tí 23rd Nigerian Brigade ti bá àwọn ará Ítálì jà ní March 1941. Abalti ní Súrùlérè, Etiópíà náà ni. Àwọn Nàìjíríà yìí kan náà ló wọ Mogadishu ní 25 February 1941, nígbà tó fi máa di 26 March wọ́n ti wà ní Harar. Lọ́rí ni wọ́n fi ń sáré lórí ọ̀nà yẹn, ọkọ̀ ìhámọ́ra Marmon-Herrington ti South Africa dẹ̀ wà lára ọmọ ogun tó gòkè lápá ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ tó ní irin lára, ẹ wo ibẹ̀ yẹn, ilé iṣẹ́ IBG ti ṣe kíìtì Marmon-Herrington ní 1/35.

Ọmọ Sójà, báàjì tó o fi sí èjìká àwọn sójà ẹ ńkọ́? Ti 81st, aláǹtakùn dúdú lórí ìyeyè ni. Orí aláǹtakùn náà máa ń kọjú sílẹ̀, kó lè jẹ́ pé tí sójà bá na apá láti yin ìbọn, iwájú ni aláǹtakùn náà ń lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọjú ẹ̀ sókè. Ti 82nd ló ní ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn gba inú òṣùká kọjá. Òṣùká alárù gan-an o! Má jẹ́ kí méjèèjì dàpọ̀ mọ́ra, torí ní Telford yẹn, ẹnì kan máa wà tó mọ̀ ọ́n.

Alàgbà_Coventry

Ẹ ṣé bàbá. Òótọ́ lẹ sọ, ẹnì kan máa ń wà tó mọ̀ ọ́n. Mo ti rí arúgbó kan tó sọ fún ọkùnrin kan pé bọ́ọ̀tì tó wà lẹ́yìn táǹkì Churchill ẹ̀ ò sí lára èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún yẹn, jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́ o, wọ́n dẹ̀ jọ lọ mu tíì lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tí mo fi fẹ́ràn ibẹ̀ nìyẹn.

Kọ́lá_Yábàá

Níwájú Marda yẹn gan-an ni mò ń gbé o bàbá! Mi ò mọ̀ rárá. Ẹ ṣé.

Àwa tá a wà nílé ńkọ́ báyìí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun ẹ máa ń sọ Telford bí ẹní ń sọ̀rọ̀ ọjà Ọ̀yìngbò, kíìtì kan kó tó dé ọwọ́ mi ó di kí ẹnì kan gbé e sínú báàgì. Ọ̀dà ló tún burú jù, àwọn tó ń fi bàálù ránṣẹ́ ò kì í gba èyí tó lè gbiná, torí náà oníomi nìkan ni mò ń lò. Tí ọyẹ́ bá dé eruku á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù, tó bá dẹ̀ di ìgbà òjò, fáníìṣì á funfun lójú ẹ torí omi inú afẹ́fẹ́. Mo ti kọ́ láti máa fọ́n ọ̀dà ní ọ̀sán tí oòrùn bá là, ṣáájú kí wọ́n tó mú iná lọ, mo máa ń fi abọ́ ńlá kan bo ohun tí mo bá kùn títí á fi gbẹ.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún: ẹni tó bá ń lọ Telford kó bá mi wo kíìtì Saladin ti ilé iṣẹ́ Dragon, 1/35. Ọkọ̀ ìhámọ́ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ìbọn 76mm lórí, tí sójà ìjọba lò nígbà ogun abẹ́lé. Mo fẹ́ tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ìhámọ́ra Red Devil tí àwọn Biafra fọwọ́ ara wọn ṣe. Red Devil kò ní kíìtì, pátákó ike pẹlẹbẹ ni mà á fi gé e, mo ti lọ Umuahia lọ wò ó ní mùsíọ́mù ogun tó wà níbẹ̀, mo ya àwòrán ẹ̀ látọ̀tún látòsì. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n jó pọ̀, igun ẹ̀ rọrùn láti gé, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ló máa gba sùúrù.

Ìbéèrè kékeré kan sí i: ta ló sọ pé 1/35? Kí ló dé tí kò jẹ́ 1/30 tàbí 1/40?

Tósìn_Maryland

Kọ́lá, Tamiya ni. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 wọ́n ṣe Panther kan tó ń fi mọ́tò rìn, bátìrì àti mọ́tò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀, torí náà bí bátìrì ṣe tóbi ni wọ́n wò kí wọ́n tó mọ bí táǹkì ṣe máa tóbi. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ẹ̀ ó bọ́ sí 1/35, wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù tẹ̀lé wọn.

Saladin àti Red Devil lórí pátákó kan náà? Tó o bá ṣe ìyẹn parí, mo fẹ́ rí i kí ayé tó rí i. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ yẹn, na ike lójú iná kó tẹ́ẹ́rẹ́, fi glúù olómi rọ̀ ọ́, kó o wá fi ẹnu ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ará_Òkè_LDN

Ọmọ Sójà, mo ka èsì ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ó yé mi. Mo ṣì ní ìṣòro pẹ̀lú àwọn tó ń to Tiger ní ọgọ́rùn-ún láìsọ nǹkan kan nípa ohun tí àwọn tó ń wà á ṣe, àmọ́ tìẹ yàtọ̀. Mo ń bọ̀ ní Sọ́ńdè yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọlé?

Alàgbà_Coventry

Wọ́n ń jẹ́ kó wọlé dáadáa, wàá ra tíkẹ́ẹ̀tì ni, lọ sórí ojú-òpó wọn kó o rà á ṣáájú kó o má bàa tò pẹ́. Tó o bá tètè kúrò ní London, wọ èyí tó ń lọ láti Euston. Tó bá ṣẹ́kù ọjọ́ kan fún ẹ, Cosford ò jìnnà, mùsíọ́mù àwọn ológun òfuurufú wà níbẹ̀, rélùwéè yẹn kan náà ló ń dúró síbẹ̀.

Ọmọ Sójà, bí o ṣe máa gbé e. Má fi fóòmù tẹ̀ ẹ́ látòkè o, ẹnu ìbọn àti apá alárù yẹn á ṣẹ́. Lu ihò méjì sí abẹ́ pátákó tí o tò ó lé, fi ṣíkúrúù de pátákó náà mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí ike tó ga, kó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ nìkan ló dúró, ohunkóhun ò gbọ́dọ̀ kan mọ́dẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀. Mú glúù kékeré, brọ́ọ̀ṣì kan, àti ọ̀dà ẹrọ̀fọ̀ yẹn díẹ̀ dání. Nínú rélùwéè, orí itan ni kó wà, má gbé e sórí ibi ẹrù.

Kó o tún tẹ ìwé kan, ojú ìwé kan péré, lẹ́tà ńlá, kó o kọ West African Way, Kaladan, 1944, àti ìtàn ẹ̀ ní ìlà bíi mẹ́fà. Àwọn tó máa kà á kó tó di pé wọ́n bi ẹ́ léèrè pọ̀. Fi máàpù kékeré sí i.

ỌmọSójà_Manchester

Mo ti kọ̀wé sí ẹ̀ka IPMS tó wà nítòsí mi, wọ́n fèsì lónìí, wọ́n ní kí n wá sí ìpàdé wọn kí wọ́n rí i, pé àyè wà lórí tábìlì. Nítorí náà tábìlì ni ti Telford, mo máa jókòó síbẹ̀ ọjọ́ méjèèjì. Tósìn, mo ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ AMPS yẹn, mo fẹ́ kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ jíìpù yìí lóòótọ́, àmọ́ bóyá ọdún tó ń bọ̀, owó bàálù ò kéré.

Bàbá Mọ́kọ́lá, aláǹtakùn mi kọjú sókè, mà á tún un kùn. Ní 1/35 báàjì yẹn ò tó hóró ìrẹsì, ṣé kí n kùn ún ni àbí kí n tẹ̀ ẹ́ sórí lébẹ́ẹ̀lì?

SísíBrọ́ọ̀ṣì_Ìbàdàn

Tẹ̀ ẹ́. Ní ìwọ̀n yẹn, ẹsẹ̀ aláǹtakùn mẹ́jọ, ọwọ́ rẹ á gbọ̀n. Ya á tóbi lórí kọ̀ǹpútà, dín in kù, tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lébẹ́ẹ̀lì tó mọ́ gaara, kun ìyeyè sí èjìká sójà náà kó o tó lẹ̀ ẹ́. Bébà funfun náà dára tó o bá lè gé e mọ́ etí ẹ̀ gan-an.

Bàbá_Mọ́kọ́lá

Mo ní àwòrán báàjì méjèèjì nílé níbí, mà á ní kí ọmọ mi yà á fún ẹ. Kọ́lá, ìwọ náà, tó o bá kọjá sí Ìbàdàn yà kí mi, mo ní ìwé kan tó ní àwòrán Saladin ní ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn.

Kọ́lá_Yábàá

Mà á wá sà. Àti Àǹtí Sísí pẹ̀lú, mo fẹ́ kọ́ ojú kíkùn yẹn, bí ẹ bá máa gbà mí láyè.

SísíBrọ́ọ̀ṣì_Ìbàdàn

Máa bọ̀, mú orí mẹ́ta mẹ́rin dání, kùn wọ́n ní primer (ọ̀dà ìpìlẹ̀) kó o tó dé. Ọmọ Sójà, ìwọ, kó o tó fi sátìnì bo awọ wọn, ya fọ́tò alárù yẹn lójú oòrùn kó o fi ránṣẹ́ síbí, mo fẹ́ wo ọrùn ẹ̀. Ẹni tó ru ẹrù báyẹn, iṣan ọrùn gbọ́dọ̀ yọ.